Ikán Kọ́ Ló Jẹ Ìwé Rẹ

Abẹ́rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ikán kọ́ ló jẹ ìwé rẹ. Èmi ni.

Mo mọ̀ pé bí àgbàlagbà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà kọ́ nìyẹn. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ kí ọ, kí n ṣàdúrà, kí n béèrè àlàáfíà ọkọ rẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, ní gbogbo ìgbà tí mo bá sì kọ́kọ́ kí ọ, ìkíni náà á gùn títí bébà á fi tán, ọ̀rọ̀ gan-an á wá há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Ìdí nìyí tí mo fi kọ́kọ́ tu ú jáde. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti wà níbẹ̀. Jọ̀ọ́, má tíì ju lẹ́tà náà sílẹ̀, jẹ́ kí n wá kí ọ.

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le? Iṣẹ́ ńkọ́? Bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wọnú aṣọ tó ń yọ lódìkejì tí kì í bá aṣọ lọ, bẹ́ẹ̀ ni wàá máa wọnú ìlú ńlá yẹn tí wàá máa jáde. Òwú rẹ kò ní já, ẹ̀rọ rẹ kò ní há, ẹni tó fẹ́ gé ọ kúrú kò ní rí àlùmọ́gàjí rẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ ní kí n fi kún un pé o kò ní rí ìjà òru tàbí ti ọ̀sán. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbi tí mo ti ń kọ̀wé, ó ń ká aṣọ, ó sì ń bi mí pé kí ni mò ń kọ tí mo fi ń làágùn tó báyìí. Mo ní ọmọ mi ni mò ń kí. Ó ní ìkíni wo ló ń fi omi wẹ èèyàn.

Àwa náà wà ńbí. Ara ìyá rẹ le, ẹnu rẹ̀ sì le jù ú lọ. Adìyẹ rẹ̀ kan ti ń sàba lórí àpò tí mo ń kó ègé aṣọ sí láti ọ̀sẹ̀ méjì, ìyá rẹ ní ẹni tó bá lé e, òun á lé onítọ̀hún. Káfíńtà òdìkejì ọ̀nà kan àkàbà tuntun fún oníbàárà, ó gùn débi pé kò ṣeé gbé gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù jáde. Ó ti ń rò ó láti ọjọ́ Ajé bóyá àkàbà ni òun á gé ni àbí ògiri.

Owó tó o fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá dé. Mo lọ sí báńkì, mo sì sọ fún akọ̀wé tó wà lẹ́yìn díńgí pé owó tí ọmọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kà ni mo fẹ́, kó má gbé ti ẹlòmíràn fún mi. Ó ní bàbá, owó ni gbogbo wọn. Mo ní wọn ò lè rí bákan náà, ti ọmọ mi á máa ta òórùn ọṣẹ, torí láti kékeré lo ti mọ ọwọ́ fọ̀. Ó wò mí títí, ó wọlé, ó kó owó jáde, mo gbé e símú, kì í ṣe tìrẹ, àmọ́ èrò ti pọ̀ lẹ́yìn mi, wọ́n ń pòṣé, ni mo bá gbà á bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tí wọ́n gbé tìrẹ fún bá jẹ́ olóòótọ́, á dá a padà.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ. Ìyá Ìbéèrè ni mò ń pè é báyìí. Ọjọ́ tó dé gan-an ló ti bi mí pé kí ló dé tí ẹ̀rọ mi fi ní ẹsẹ̀ tí kì í rìn, kí ló dé tí mo fi ń fi ahọ́n lá òwú kí n tó fi bọ ojú abẹ́rẹ́, àti pé kí ni ìyá rẹ rí tó fi fẹ́ mi. Ìyá rẹ ní òun náà ṣì ń wá ìdáhùn sí ìyẹn.

Ó gbé fóònù àtijọ́ rẹ wá, ó gbé ìwé kan wá nípa erin tó ń wá bàtà tó máa bá a lẹ́sẹ̀ mu, ó sì gbé fọ́ọ̀mù kan wá láti ilé ìwé. Fọ́ọ̀mù yẹn, àyà mi já nígbà tí mo rí i. Wọ́n ní lójoojúmọ́ ìsinmi yìí, kí àgbàlagbà kan nínú ilé bá ọmọ náà kàwé sókè fún ogún ìṣẹ́jú, kó kọ orúkọ ìwé náà, kó sọ èrò rẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo ní irú ẹjọ́ wo lèyí, ta ló fi mí sùn?

Mo wẹ̀, mo wọ ẹ̀wù tó dáa, mo dé fìlà, kí n tó jókòó ti fọ́ọ̀mù yẹn. Ibi tí wọ́n ti ní báwo lẹ ṣe bá ọmọ náà tan, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá tó bí bàbá mi, mo ṣàlàyé ọ̀nà tá a gbà dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ, mo dé orí rẹ, mo dé orí ọkọ rẹ, àyè tán, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, mo parí rẹ̀ síbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ní kí n sọ èrò mi, mo kí ọ̀gá ilé ìwé. Ojoojúmọ́ ni mò ń kí i níbẹ̀. Mo ní ẹ kú iṣẹ́ mà, ilé ńkọ́, ṣé ẹ̀ ń sinmi. Títí di òní, kò tíì dá mi lóhùn, mo sì ń rò ó pé àfàìmọ̀ kí ara rẹ̀ má yá. Bá mi bẹ̀ ẹ́ wò.

Ìwé kíkà sókè yẹn lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ rẹ tẹ fóònù, obìnrin kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé láti inú rẹ̀, ohùn rẹ̀ dùn, ó ń dán bíi bọ́tìnnì tuntun. Mo kí i pé ẹ kú ìkàwé mà. Kò dáhùn, mo sì rí i pé ẹnu iṣẹ́ ló wà. Mo ní kí ìyá rẹ rọra máa sọ̀rọ̀. Nígbà tó ka ìwé mẹ́ta tán láìmu omi, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo fi aṣọ rírọ̀ tẹ́ abẹ́ fóònù fún un. Ìyá rẹ bi mí pé ṣé obìnrin yìí ò lọ́kọ ni, ta ló ń bá a mójú tó ilé. Mo ní iṣẹ́ ìlú ńlá ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é.

Kí n má parọ́ fún ọ, inú mi dùn sí obìnrin náà. Mo ní ọ̀ràn ti bọ́ lọ́rùn mi. Ó ń kàwé, èmi ń ránṣọ, tó bá di alẹ́ mo fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ọjọ́ kẹta ni Ìyá Ìbéèrè fa bírò gbà lọ́wọ́ mi. Ó ní ẹni tó kàwé ló ń fọwọ́ sí i, Bàbá àgbà, ẹ̀yin ò sì kàwé, ẹ kàn ń tẹ ẹ̀rọ ni. Mo ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí obìnrin inú fóònù fọwọ́ sí i. Ó ní kò lọ́wọ́. Mo ní báwo lèèyàn tó lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ kò ṣe ní lọ́wọ́?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo gbé fóònù lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní oríta. Mo ṣàlàyé pé mi ò bá obìnrin náà jà, iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn, ìfọwọ́sí rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́, bí kò bá sì mọ̀ ọ́n kọ, kó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó ní obìnrin wo? Mo ní èyí tó wà nínú fóònù. Ó gbé irin iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ré bọ́ láti orí àga, ó wá pe onígbàjámọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kó wá gbọ́ nǹkan. Ìgbà tí wọ́n nu ojú tán ló tó sọ fún mi pé kò sí ẹnì kankan nínú fóònù, pé obìnrin náà ti kàwé yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, níbi tí a ò mọ̀, ó ti lọ sílé rẹ̀ tipẹ́. Ó ní ohùn tó fi sílẹ̀ là ń gbọ́.

Mo dúpẹ́, mo ń bọ̀ wálé, gbólóhùn yẹn wá ń tẹ̀ lé mi bí ajá tí a ò pè. Ohùn tó fi sílẹ̀. Mo wá ń bi ara mi pé èmi tí mo ní ọmọ, ohùn wo ni mo fi sílẹ̀ sí i létí? Ariwo ẹ̀rọ ni.

Abẹ́rẹ́, jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta ilé ìwé girama, olùkọ́ wa kan máa ń ní ká dìde ká kàwé sókè. Ojú mi mọ̀wé, kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti ojú mi kúrò tó ń bọ̀ lẹ́nu mi, ńṣe ló máa ń lọ́ra pọ̀ bí òwú tó ta kókó lábẹ́ ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ kan mo dúró sórí ọ̀rọ̀ kan títí wọ́n fi lu agogo. Olùkọ́ ní kí n jókòó, ó ní a ó bá a lọ tí Òwú-Ta-Kókó bá tú. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Orúkọ tí wọ́n pè mí nìyẹn títí mo fi jáde. Mo parí ilé ìwé, ìwé ẹ̀rí mi wà nínú àpótí, mo máa ń ka ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé bọ́tìnnì dé ìlà ìkẹyìn. Ojú ni mo fi ń kà á, mi ò jẹ́ gbé e sẹ́nu. Ìyá rẹ rò pé mo fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni.

O wá di ọmọ ọdún méje, o gba ẹ̀bùn ìwé nílé ìwé, ìwé ewúrẹ́ tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀yìn rẹ̀ aláwọ̀ aró. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ wàá gbé e wá, wàá ní Bàbá, ẹ jẹ́ ká kà á. Bí mo bá ti gbúròó ẹsẹ̀ rẹ, màá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹ̀rọ. Màá ní o ò rí i pé iṣẹ́ pọ̀ ni? Iṣẹ́ ò pọ̀, ọmọ mi. Ọjọ́ mìíràn wà tí kò sí aṣọ kankan lábẹ́ ẹ̀rọ yẹn. Abẹ́rẹ́ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wá sílẹ̀, kò rán nǹkan kan. Mò ń tẹ ẹ̀rọ òfìfo kí n má baà bá ọmọ mi kàwé. Ìwọ wá ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé bàbá rẹ ò mọ ìsinmi.

O kà á fúnra rẹ níkẹyìn, lábẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Mò ń gbọ́ bó o ṣe ń tò ó ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tó o dé òpin rẹ̀, o rẹ́rìn-ín, o sáré jáde, o ní Bàbá, ẹ wá gbọ́ ibi tó parí sí, ẹ ka ìlà kan, kí n ka ìlà kan. Mo ní tó bá yá. O ní nígbà wo ló máa yá? Mo fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo mú ìwé yẹn, mo fi gé pátánì kọ́là àti ti àpò, èyí tí mo fi ń wọn aṣọ kí n tó gé e. Bébà ò wọ́n, kí n má tan ọ́, káàdì wà nílẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí ìrọ̀lẹ́ fi mí lọ́rùn sílẹ̀ ni. Mo wá sọ fún ọ pé ikán ló jẹ ẹ́.

O sunkún. Lẹ́yìn náà o gbé ìgò kẹrosín, o bẹ̀rẹ̀ sí í wá ikán kiri, ọ̀sẹ̀ kan gbáko, o da kẹrosín sórí ilé ikán ẹ̀yìnkùlé tó jẹ́ pé àwọn yẹn ò rí ìwé rí láyé wọn. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń wò ọ́. Láti ìgbà náà o kò gbé ìwé wá bá mi mọ́. Mo rò pé mo ti rí ìsinmi.

Jẹ́ ká padà sórí Ìyá Ìbéèrè. Ọ̀sẹ̀ tó lọ lọ́hùn-ún, iná mànàmáná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, fóònù kú. Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ rẹ gbé ìwé erin wá, ó gbé fọ́ọ̀mù wá, ó jókòó. Ẹsẹ̀ mi ti wà lórí ẹ̀rọ kí n tó mọ̀, mo ti ń tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ síwájú, ó yọjú wo abẹ́ rẹ̀, ó ní Bàbá àgbà, kò sí aṣọ níbẹ̀.

Ìwọ ò yọjú wò ó rí. Ojú tì mí bí ẹni tí wọ́n bá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo ti fèrèsé, mo fi ègé aṣọ dí ihò kọ́kọ́rọ́, mo wá ṣí ìwé. Mo kà á, Abẹ́rẹ́. Mo ń fà á bí ẹni tó ń fa àpótí lórí òkúta. Níbi tí mo ti há, ọmọ rẹ ò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, bí ìwọ ṣe máa ń bá mi di etí aṣọ mú kó má yẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ, ó ń retí. Mo ní mo ń pẹ́ jù. Ó ní ẹ má dààmú, erin gan-an kì í yára. Ó wá bi mí ní ìbéèrè tó ti bi obìnrin inú fóònù lẹ́ẹ̀mẹta tí kò dá a lóhùn, pé bí bàtà ẹsẹ̀ kan bá bá erin mu, ṣé ó ṣì máa wọn mẹ́ta yòókù ni. Obìnrin yẹn mọ̀wé kà jù mí lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ìbéèrè ò lè dá a dúró. Èmi dúró. A jọ rò ó. Mo ní gẹ́gẹ́ bíi télọ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló yẹ kó wọ̀n, torí mo ti rí èèyàn tí apá rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ.

Aago lù, ogún ìṣẹ́jú pé, mo pa ìwé dé. Erin ti gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, aránbàtà ti na téèpù, ibẹ̀ ni mo pa á dé sí. Ọmọ rẹ bẹ̀ mí, ó ní kó kàn gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀. Mo ní ogún ni ilé ìwé sọ, mi ò ní rú òfin ìjọba nítorí erin. Ká má parọ́, èmi náà ò gbádùn mọ́jú. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ń ro mí lórí ẹ̀rọ. Kí oòrùn tó wọ̀, èmi ni mo wá ọmọ lọ, mo ní kó wá, ká bá erin sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin ni káfíńtà kanlẹ̀kùn. Mo rò pé àkàbà rẹ̀ ló bá wá. Ó yọ fìlà, ó ní ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ilé onílé, ṣé erin yẹn ti rí bàtà rà? Ó ní láti ọjọ́ kìíní lòun ti ń gbọ́ ọ láti òdìkejì, pé òun kọ́kọ́ rò pé mò ń gbàdúrà ni, àfi ìgbà tóun gbọ́ bàtà. Ó ní òun máa ń gbé òòlù sílẹ̀ ní wákàtí yẹn. Mo ní ṣé o wá gbọ́ bí mo ṣe ń há? Ó ní há báwo? Ó ní ibi tí mo ti ń dúró yẹn gan-an ni àyà òun ti ń já jù, òun rò pé mò ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ó wá dá a lámọ̀ràn pé pákó ló yẹ kí erin fi ṣe bàtà, òun á sì bá a kàn án ní ẹ̀dínwó.

Abẹ́rẹ́, odidi ogójì ọdún ni mo fi ń sá fún ẹ̀rín kan, káfíńtà sì ní kò sí ẹ̀rín níbẹ̀.

Ìwé erin tán. Lánàá ni Ìyá Ìbéèrè ń wá nǹkan mìíràn tá a máa kà, ojú rẹ̀ dé ibi ìṣó tí mo ń fi pátánì kọ́ sí. Ó ní Bàbá àgbà, kí ló dé tí ìtàn fi wà lára kọ́là yìí? Ó gbé e sílẹ̀, ó kà á: ewúrẹ́ dúró létí odò, ó ń wo koríko òdìkejì. Gbogbo kọ́là tí mo gé nílùú yìí láti ọdún mẹ́tàlélógún, ewúrẹ́ rẹ ni mo fi wọ̀n wọ́n. Ọrùn olùkọ́, ọrùn awakọ̀, ọrùn ọkọ rẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó yín, ewúrẹ́ rẹ ló yí gbogbo wọn ká.

Mo sọ òótọ́ fún un. Ó ní ṣé Màmá sunkún? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ṣé ẹ bẹ̀ ẹ́? Mo ní ó ti pẹ́. Ó ní mi ò béèrè bóyá ó ti pẹ́. Ìyá rẹ tó ń gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó ní ó ti wu òun tipẹ́ kí ẹnì kan bi mí ní ìbéèrè tí mi ò ní lè fi ẹ̀rọ dáhùn.

A wá àwọn pátánì yòókù jọ. Kọ́là méjì, ọrùn ọwọ́ kan, àpò àyà kan. Lára ọrùn ọwọ́, atukọ̀ ní òun kì í gbé ewúrẹ́, torí ewúrẹ́ lè jẹ okùn ọkọ̀. Lára àpò, wọ́n ti dé àárín odò, ebi ń pa ewúrẹ́, ó wo okùn, okùn náà sì wò ó. Ibẹ̀ ló tán sí. Ojú ìwé tó kẹ́yìn ti gbó mọ́ mi lọ́wọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, mo ti dà á nù. Ìyá rẹ ní kí la tún ń wá, ewúrẹ́ ni ewúrẹ́ ń jẹ́, ó jẹ okùn. Káfíńtà ní bí okùn náà bá dáa, kò lè jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Ọmọ rẹ ní kò jẹ ẹ́ rárá, ó ti ṣèlérí. Ìjà ti wọ̀ ọ́ báyìí, ìwọ nìkan lo sì kà á dé òpin nínú gbogbo wa.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ, mi ò sì mọ̀ bóyá ó tọ́ sí mi láti sọ ọ́. Ọmọ rẹ ní bí òun bá gbé ìwé wá bá ọ, wàá ní tó bá yá, torí ò ń tẹ kọ̀ǹpútà. Mo ní iṣẹ́ màmá rẹ pọ̀. Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ojú kọ̀ǹpútà náà ṣókùnkùn, o sì ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Bóyá ọmọ náà ò rí i dáadáa. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni àwọn kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣe, kí lèmi mọ̀ nípa wọn. Bóyá ńṣe ló rẹ̀ ọ́. Mi ò bá ọ wí, ẹni tó fi ìwé gé kọ́là kò lẹ́nu láti báni wí. Mo kàn mọ ariwo ẹ̀rọ òfìfo bí mo bá gbọ́ ọ, ẹ̀rù sì bà mí pé lọ́wọ́ mi lo ti kọ́ ọ.

Mi ò lè sọ gbogbo èyí lórí fóònù, torí ọmọ oríta yẹn ní ohùn lè kù sínú rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnì kan máa tẹ ìjẹ́wọ́ mi gbọ́. Jọ̀ọ́, má bínú. Bó o bá bínú náà, bínú dé ìdí, kó o wá fi jì mí. Mo tún bẹ àwọn ikán ẹ̀yìnkùlé.

O ti ní kí n fi ọmọ náà sínú ọkọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Má jẹ́ kó dá wá. Wá mú un fúnra rẹ, kó o sun ọjọ́ kan péré níbí. Mo ti gbé adìyẹ kúrò lórí àpò ègé, ó ṣá mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo ní ó tọ́ sí mi. Mo yọ aṣọ funfun, mo rán àwọn pátánì náà mọ́ ọn ní ojú kọ̀ọ̀kan, mo sì fi aṣọ aláwọ̀ aró ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ti di ìwé padà, ìrísí rẹ̀ ló kàn dà bí ẹ̀wù tí wọ́n tú. Mo fi ojú kan sílẹ̀ lófìfo níkẹyìn. Wá sọ ibi tó parí sí fún wa, ìwọ sọ ìlà kan, èmi á kọ ọ́, ọmọ rẹ á kà á. Ogún ìṣẹ́jú ni. Mo ti bi aago léèrè.

Bí àyè bá wà, bá mi fi owó awò ojú ránṣẹ́, torí lẹ́tà ìwé àwọn ọmọdé òde òní tóbi lójú ìwé àkọ́kọ́, á wá máa kéré bó ṣe ń lọ. Fọwọ́ kó o tó ka owó náà, kí n lè dá a mọ̀ ní báńkì.

Ọlọ́run á fún ọ ní ìṣẹ́gun lórí iṣẹ́ tí kì í tán. Ọmọ rẹ kò ní sú ọ, ìwọ náà kò ní sú u. Ohùn rẹ kò ní há mọ́ ọ lọ́fun. Ìrọ̀lẹ́ ayé rẹ á tutù, ẹni tó máa jókòó tì ọ́ níbẹ̀ kò ní wọ́n ọ.

Lọ́la, bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, màá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Màá gbé àga kan jáde fún káfíńtà, ọ̀kan fún ìyá rẹ. Màá yọ ègé aṣọ yẹn kúrò nínú ihò kọ́kọ́rọ́, màá ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù gbayawu sójú ọ̀nà, màá mú ìwé ewúrẹ́, màá sì kà á sókè láti orí kọ́là àkọ́kọ́ dé ibi tí okùn wà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Òwú-Ta-Kókó.